Iná tó tàn lójú wa kọ́ ló ń bọ́ sitirọ́bẹ́rì

Ìbéèrè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi jù lórí WhatsApp látìgbà tí mo ti ń gbé fọ́tò sitirọ́bẹ́rì síta ni, "Ẹ̀gbọ́n, iná wo ni kí n rà kí tèmi náà lè dùn?" Àwọn kan ti rí iná pínkì lórí YouTube, wọ́n ti gbà pé ibẹ̀ ni àṣírí wà, wọ́n ti ń ṣírò owó, ẹlòmíì tiẹ̀ ti bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ kó tó wá bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Kent níbí, ní England, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé gíláàsì tá a ti ń gbin sitirọ́bẹ́rì, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú tí kò ní sú mi. Ẹ jẹ́ n kó gbogbo ẹ̀ síbí, kí n lè máa fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ sẹ́ni tó bá bi mí.

Nǹkan tí mo fẹ́ sọ ò ju ọ̀kan lọ: iye ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe ṣúgà, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ fún igi ohun tó máa fi ṣúgà yẹn ṣe. Ẹni tó bá fi ìkejì síwájú ìkíní, owó iná ló máa san lásán.

Ojú wa ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń tàn wá jẹ. Tẹ́ ẹ bá wo páálí gílóòbù, lumen ni wọ́n kọ sí i, tẹ́ ẹ bá fi fóònù wọn ìmọ́lẹ̀, lux ló máa fún yín. Ojú èèyàn ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe òṣùwọ̀n méjèèjì yẹn, ojú èèyàn sì máa ń rí àwọ̀ ewé àti yẹ́lò dáadáa ju búlúù àti pupa lọ, nítorí náà iná tó ń bọ́ ewé yó lè dà bíi pé kò mọ́lẹ̀ tó lójú wa, kí èyí tó ń fọ́ wa lójú má sì fún ewé ní nǹkan gidi kan. Fótóònù ni ewé ń kà, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́ lé e lórí, láti nánómítà 400 dé 700, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Èyí tó bá dé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, micromole ni wọ́n fi ń kà á, tá a bá wá ro gbogbo èyí tó dé láti àárọ̀ dalẹ́ pọ̀, ó di mol lórí mítà onígun mẹ́rin kan lóòjọ́. DLI ni wọ́n ń pe àròpọ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan yòókù tí mo bá sọ, ẹ má gbàgbé DLI.

Sitirọ́bẹ́rì tí ò bá rí tó mol 12 lóòjọ́ á kàn máa rọ́jú ni. Tó bá rí 17 sí 20, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ẹ̀ á yá, ẹ ó rí i lára ewé ẹ̀. Ẹ wá wo Kent lóṣù December: nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú, ìkúukùu bo ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ ìta gbangba pàápàá kì í sábà ju mol 5 lọ lọ́jọ́ kan, gíláàsì àti irin òrùlé á tún gba tiwọn níbẹ̀, ohun tó máa wá dé orí ewé lè máà ju 3 lọ. Lóṣù June ẹ̀wẹ̀, lọ́jọ́ tóòrùn bá ràn dáadáa, ìta á lé ní 40. Igi kan náà ni, ilé kan náà ni. Ohun tó ń ṣe igi ní December, ebi ni, kò sí àwọ̀ tá a lè fi rọ́pò oúnjẹ tí ò sí.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ká ní a fẹ́ fi iná fi mol 10 kún èyí tó wà nílẹ̀, ká sì máa tan iná náà fún wákàtí 16. Wákàtí 16 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 57,600, mol 10 jẹ́ micromole mílíọ̀nù 10, tẹ́ ẹ bá pín in, á jẹ́ bíi micromole 174 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. LED tó dáa lóde òní ń mú nǹkan bíi micromole 3 jáde látinú joule iná kan, joule kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sì ni wáàtì kan, torí náà wáàtì 58 ló máa wà lórí mítà kan, fún wákàtí 16 á jẹ yúníìtì 0.93. Ilé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100 á wá jẹ yúníìtì 93 lójoojúmọ́ ayé. Iná sodium àtijọ́, àwọn aláwọ̀ ọsàn tó máa ń mú kí ojú ọ̀run pọ́n lókè ilé gíláàsì lálẹ́, nǹkan bíi 1.8 lèyí tó dáa nínú wọn ń mú jáde, yúníìtì bíi 154 ló máa jẹ fún iṣẹ́ kan náà, á sì tún da ooru sílé. Ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ á ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gíláàsì ni mo máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ fọ̀ kó tó ra iná. Àwọn àgbẹ̀ Netherlands ní òfin kan tí tọmọdé tàgbà wọn mọ̀, pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bá sọnù, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èso ló bá a lọ. Kì í rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo àmọ́ kò jìnnà síbẹ̀. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ òrùlé, ẹfun tí wọ́n kùn sókè nígbà ooru tí wọn ò fọ̀ kúrò kí October tó dé, ọ̀rá tó ti gbó tó ti pọ́n, gbogbo wọn ló ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ẹnì kankan ò fowó rà. Ẹ tẹ́ nǹkan funfun sílẹ̀ lábẹ́ igi, ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀ á padà sókè sábẹ́ ewé. Gíláàsì tàbí ọ̀rá tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká náà dáa gan-an ni, kì í jẹ́ kí òjìji irin dúró sójú kan, ewé ìsàlẹ̀ á sì rí tiẹ̀ gbà.

Ó dáa, ká ní ìmọ́lẹ̀ ti tó wàyí, a lè sọ̀rọ̀ àwọ̀.

Lọ́dún 1882, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Theodor Engelmann pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, ó tan án sára okùn ewéko inú omi kan lábẹ́ máíkíróskóòpù, ó wá da kòkòrò bakitéríà tó ń wá ọ́síjìn kiri sí i. Ibi tí pupa wà àti ibi tí búlúù wà làwọn kòkòrò náà lọ ṣù jọ sí, torí ibẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń jáde jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìyẹn, wọ́n sì gbà á sí pé ewé ò nílò àwọ̀ gírínì rárá, ibẹ̀ la ṣe dé ọ̀dọ̀ iná pínkì, pupa àti búlúù nìkan. Àmọ́ lọ́dún 1972, Keith McCree ní Texas wọn ewé oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn, ó sì hàn gbangba pé gírínì náà ń ṣiṣẹ́, kò kàn tó pupa ni. Ó tiẹ̀ ní ibi tó ti wúlò jù wọ́n lọ: ewé òkè á ti gbé pupa àti búlúù mì tán kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, gírínì ló ń rí ọ̀nà kọjá lọ bá ewé tó wà nísàlẹ̀. Sitirọ́bẹ́rì tí ewé ẹ̀ ki, tó gorí ara wọn, á mọ oore ìyẹn.

Pupa ni agbára iṣẹ́, LED pupa ló ń mú fótóònù jáde jù látinú owó iná kan, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n pupa nìkan láìsí búlúù, ẹ̀bà láìsí ọbẹ̀ ni. Àwọn olùwádìí ní Wageningen, ní Netherlands, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2010 lórí kúkúmbà, èyí tí wọ́n fi pupa nìkan tọ́, ewé ẹ̀ ò lè ṣe oúnjẹ bó ṣe yẹ, nígbà tí wọ́n fi búlúù ìdá 7 péré nínú ọgọ́rùn-ún sí i, wàhálà yẹn lọ, bí búlúù sì ṣe ń pọ̀ sí i títí dé ìdajì ni agbára ewé ń lọ sókè. Búlúù ló ń sọ fún ihò ara ewé pé kó ṣí, òun ló ń mú kí ewé nípọn, òun náà ló ń mú igi kúrú. Kíkúrú yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́. Sitirọ́bẹ́rì tó bá kúrú jù á fi ewé bo òdòdó àti èso ẹ̀ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọ ibẹ̀, oyin ò ní tètè rí òdòdó, èso á sì máa bu. Níbi tójúmọ́ bá ti ń wọlé, búlúù wà nínú ojúmọ́ rẹpẹtẹ, kò sídìí láti máa fowó rà á lọ títí.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí la dé yìí. Lẹ́yìn pupa, ìmọ́lẹ̀ kan tún wà tójú wa ò fi bẹ́ẹ̀ rí, láti nánómítà 700 lọ sókè, far-red ni wọ́n ń pè é. Ewé kì í fẹ́ gbé e mì, á jẹ́ kó kọjá tàbí kó ta á padà. Nítorí náà níbi tí ewé bá ti bo ewé, pupa á ti tán níbẹ̀, far-red á sì kù rẹpẹtẹ. Lábẹ́ oòrùn gbangba, pupa fi díẹ̀ ju far-red lọ, nǹkan bíi 1.2 sí 1, lábẹ́ ewé tó ki ó lè wálẹ̀ dé 0.2 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Igi ń ka ìyàtọ̀ yìí láti fi mọ̀ bóyá aládùúgbò ti fẹ́ ṣíji bò ó! Èròjà tó fi ń kà á ni phytochrome, ìrísí méjì ló ní, ìmọ́lẹ̀ nánómítà 660 á gbé e lọ sí ọ̀kan, 730 á gbé e padà sí ìkejì. Ní Beltsville ní ìpínlẹ̀ Maryland, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, ni Borthwick àti Hendricks àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti tú àṣírí yìí lọ́dún 1952 pẹ̀lú kóró lẹ́tùsì. Wọ́n tan pupa sí kóró yẹn, ó hù, wọ́n tan far-red tẹ̀ lé e, kò hù mọ́, wọ́n tún tan pupa, ó tún hù, èyí tí wọ́n bá tàn kẹ́yìn ni kóró ń gbọ́. Kóró tín-tìn-tín o, kò lójú, kò létí. Ó ń wú mi lórí títí dòní.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa ni pé, tí far-red bá pọ̀ díẹ̀, sitirọ́bẹ́rì á na ọ̀pá ewé ẹ̀ sókè, á sì ti ọ̀pá òdòdó ẹ̀ jáde síta. Nínú ilé tiwa, orí gọ́tà tó ga tó àyà èèyàn la gbin igi sí, èso ń so rọ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, tí ọ̀pá òdòdó bá gùn dáadáa èso á dúró níta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ti ń kàn án, ẹni tó ń ká a ò ní máa fọwọ́ tú ewé wá a, kò sì ní máa ha á lára. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín olùkórè tó ń rí èso níwájú ẹ̀ àti èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ wá a nínú ewé, owó gidi ni, ẹ̀yìn gidi ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún un ní àpọ̀jù, ọ̀pá á gùn, á tín-ín-rín, á ká kọ́ létí gọ́tà, omi àti ṣúgà ò ní dé orí èso bó ṣe yẹ, èso á kéré. Far-red kì í sì í ṣe oníròyìn nìkan o, Robert Emerson fi hàn lọ́dún 1957 pé tí pupa àti ìmọ́lẹ̀ tó jìn sí i yìí bá jọ tàn pọ̀, oúnjẹ tí ewé máa ṣe á ju àròpọ̀ ohun tí wọ́n máa ṣe tí wọ́n bá dá tàn lọ.

Ìgbà òtútù niṣẹ́ ẹ̀ ń hàn jù. Sitirọ́bẹ́rì tó bá rí i pé ọjọ́ ti kúrú, òtútù sì ti dé, á múra àtisùn, ewé tuntun ẹ̀ á kéré, ọ̀pá ẹ̀ á kúrú, á tẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ará Japan ò gbà fún un. Ní Tochigi, lókè Tokyo, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń kórè sitirọ́bẹ́rì jù lórílẹ̀-èdè yẹn láti ọ̀pọ̀ ọdún, inú ilé ọ̀rá ni wọ́n ti ń kórè látìparí ọdún títí wọ inú May, kéèkì Kérésìmesì wọn gan-an sitirọ́bẹ́rì ló máa ń wà lórí ẹ̀. Wọ́n á so gílóòbù sókè, wọ́n á máa tan án lálẹ́, àwọn kan á tan án fún wákàtí díẹ̀, àwọn kan á kàn máa tan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù àtijọ́ onírin pupa nínú ni, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ò tó bọ́ ewé kan yó, ṣùgbọ́n far-red kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ìròyìn tó ń mú dé ọ̀dọ̀ igi ni pé ọjọ́ ṣì gùn, má tíì sùn. Nígbà tí gílóòbù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́jà, ẹni tó bá fi èyí funfun tó ń dín owó iná kù rọ́pò ẹ̀ á rí i pé igi ò dáhùn bíi tàtẹ̀yìnwá, torí far-red ò sí nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ń ṣe LED tó ní far-red nínú fún wọn. Lójú tèmi ẹ̀kọ́ Japan yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra iná kọ́kọ́ gbọ́: iná kékeré tó bọ́ sí àsìkò tó sì ní àwọ̀ tó yẹ lè yí igi padà ju iná ńlá tí wọ́n kàn ń tàn lọ.

Mo ní tó bọ́ sí àsìkò, torí ewu wà níbẹ̀. Irú sitirọ́bẹ́rì tó ń so lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn Elsanta àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ìgbà tí ojúmọ́ bá dín sí nǹkan bíi wákàtí 14, tàbí tí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni wọ́n ń dá èhù òdòdó sínú ọkàn wọn. Ẹni tó bá tan iná lóru fún wọn kí èhù yẹn tó wà níbẹ̀, òdòdó ò ní wá, okùn ni wọ́n á máa nà káàkiri. Àwọn àgbẹ̀ Japan máa ń dúró kí èhù ti wọlé kí wọ́n tó tan iná. Irú tó ń so léraléra ò rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ gígùn ń ràn án lọ́wọ́ láti tanná ni. Kẹ́ ẹ mọ irú tẹ́ ẹ gbìn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan swíìṣì o.

Adùn wá ńkọ́? Ewé ló ń ṣe ṣúgà, á fi ránṣẹ́ sínú èso, èso á pín in sí glucose àti fructose, á da citric acid tiẹ̀ mọ́ ọn, ìwọ̀n ṣúgà sí kíkan yẹn ni ahọ́n wa ń pè ní adùn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti já a lára igi, ṣúgà míì ò wọlé mọ́, kò rí bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń dùn sí i nínú ilé. Ó ṣì lè pọ́n sí i lórí tábìlì, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ lọ́jà, pupa ara ẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún yín nípa inú. Àwọ̀ pupa yẹn, pelargonidin ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, búlúù sì wà lára ohun tó ń mú un jáde. Àwọn olùwádìí Japan tiẹ̀ sọ lọ́dún 2013 pé èso fúnra ẹ̀ ní phototropin tó ń fi gbọ́ búlúù, tó fi ń kó àwọ̀ jọ. Nítorí náà ẹni tó bá ní iná búlúù á mú èso pọ́n, òótọ́ ló ń sọ. Ẹni tó bá ní á mú un dùn láìka iye ìmọ́lẹ̀, iye èso tó wà lórí igi àti ooru ilé sí, mi ò gbà á gbọ́. Ooru gan-an ń ba adùn jẹ́ ju ohun tí àwọ̀ iná kankan lè tún ṣe lọ, tí alẹ́ bá gbóná igi á jó ṣúgà tó ṣe lọ́sàn-án, èso á yára pọ́n kó tó kún. Ẹ ra refractometer, ẹ̀rọ kékeré tẹ́ ẹ máa kán omi èso sí, tó bá pe 10 lórí Brix, òṣùwọ̀n ṣúgà inú omi èso, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú wa máa ń dùn, 7 ò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú.

Ìwádìí kan wà tó fẹ́ yí mi lọ́kàn padà díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ adùn yìí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Michael Kasperbauer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Florence, South Carolina, tẹ́ ọ̀rá pupa sórí ebè dípò ọ̀rá dúdú tí gbogbo ayé ń lò. Ní 2000 wọ́n ní èso orí ọ̀rá pupa tóbi jù, ní 2001 wọ́n ní ṣúgà ẹ̀ àti òórùn dídùn ẹ̀ náà yàtọ̀ sí ti orí ọ̀rá dúdú, ó dáa jù. Iná kankan ò sí níbẹ̀, oòrùn ni, ọ̀rá yẹn kàn ń ta pupa àti far-red padà sókè sára èso àti abẹ́ ewé, igi sì ka ìyẹn. Ṣẹ́ ẹ rí i, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó, àwọ̀ rí nǹkan ṣe. Níbi tí kò ti tó, kí ló máa rí darí?

Àwọ̀ tó kẹ́yìn ni UV, èyí tí ojú wa ò rí rárá. Oríṣi mẹ́ta ni, A, B àti C. Gíláàsì lásán ń dí UV-B, ọ̀pọ̀ LED ò sì ní ẹyọ kan nínú, bẹ́ẹ̀ UV wà lára ohun tó ń mú kí èso kó àwọ̀ àti àwọn èròjà tó ń dáàbò bò ó jọ. Lọ́wọ́ kejì, botrytis, olú tó ń mú kí èso bu kó sì hu irun eérú, ń lo UV láti tú irúgbìn ẹ̀ ká, ọ̀rá tó ń dí UV á dín in kù. Ọ̀rọ̀ oyin wá mú kó díjú sí i, torí UV, búlúù àti gírínì ni oyin ń fi ríran, kì í rí pupa. Ẹ sì mọ̀ pé kóró kéékèèké ara sitirọ́bẹ́rì gan-an ni èso ẹ̀, ẹran tá à ń jẹ yẹn, kóró yẹn ló ń fi auxin, èròjà tó ń mú ohun ọ̀gbìn dàgbà, pàṣẹ pé kó wú, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Nitsch ló fi èyí hàn lọ́dún 1950, ó yọ kóró kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn ò wú. Kóró tí oyin ò bá fi ìyẹ̀fun òdòdó kàn á jẹ́ ojú kan tó wọnú, èso á wọ́. Oyin tó bá ṣìnà nínú ilé tí ò ní UV, tó jẹ́ iná pínkì nìkan ló ń tàn níbẹ̀, èso wíwọ́ lẹ máa fi ká a.

Wọ́n tún ń lo UV lóru fún àrùn. Ní Japan wọ́n ní iná UV-B tó ń dín powdery mildew kù, ìyẹn àrùn tó ń bo ewé bí ìyẹ̀fun. Ní Amẹ́ríkà, David Gadoury ní Yunifásítì Cornell àti Fumiomi Takeda ní ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Kearneysville ṣe ti UV-C, wọ́n ní òkùnkùn ló gbọ́dọ̀ jẹ́, torí búlúù àti UV-A ni olú náà ń fi tún ara ẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí UV bá ti bà á jẹ́, tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ó parí. Àwọn róbọ́ọ̀tì Thorvald láti Norway ń gbé iná UV-C yìí kiri oko sitirọ́bẹ́rì níbí lóru láìsí èèyàn nítòsí. Ẹ má ra UV-C sílé o, ó ń jó ojú, ó ń jó awọ ara, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi bẹ̀ yín.

Fún àwọn tó ń kórè, iná pínkì ò dáa rárá. Lábẹ́ ẹ̀ ewé á dúdú, ẹ ò ní dá èso tó pọ́n àtèyí tí ò tíì pọ́n mọ̀, ẹ ò ní rí àmì àrùn lára ewé kó tó tàn ká, bẹ́ẹ̀ ojú òṣìṣẹ́ ni ohun èlò tó wọ́n jù nínú ilé gíláàsì. Tó bá jẹ́ èmi ni mo máa ra iná, LED tí pupa ẹ̀ pọ̀ tó ní funfun nínú ni máa rà, funfun á mú búlúù àti gírínì wá, á sì jẹ́ ká ríran, máa wá ní far-red lórí swíìṣì tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí láti Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta, láti Ìkòròdú, tiyín yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ò wọ́n yín. Ọjọ́ yín ń sún mọ́ wákàtí 12 yí po ọdún, DLI ìta ń lé ní 30 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí àgbẹ̀ Kent ń fowó rà lóṣù December, ọ̀fẹ́ ló ń bọ́ sórí òrùlé yín. Alẹ́ yín ni ìṣòro, 22, 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, sitirọ́bẹ́rì fẹ́ alẹ́ tó tutù dáadáa, òdòdó ẹ̀ kì í sì í fẹ́ wá nínú ooru. Ilé ọ̀rá tẹ́ ẹ bá dí pa bíi ti Yúróòpù á kàn dá kún ooru ni. Ẹ náwó sórí àwọ̀n tó ń ṣíji bò ó lọ́sàn-án gangan, sórí omi tútù nídìí gbòǹgbò, sórí ẹ̀gbẹ́ ilé tó ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbìn ín nínú yàrá pẹ̀lú AC, mol 17 ní wákàtí 16 á jẹ́ micromole 295, bíi wáàtì 98 lórí mítà kan, yúníìtì tó lé ní ọ̀kan ààbọ̀ lóòjọ́ lórí mítà kọ̀ọ̀kan, AC ò tíì sí níbẹ̀. Ẹ fi owó iná àdúgbò yín ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra kóró kankan.

Jos ni mo máa ń ní kí wọ́n wò. Ìlú yẹn ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, alẹ́ ẹ̀ ń tutù, pàápàá nígbà ọyẹ́, oòrùn ẹ̀ sì pọ̀, ibẹ̀ ni sitirọ́bẹ́rì ilẹ̀ wa tó ń dé Èkó àti Àbújá ti ń wá. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí tó ní ebè níbẹ̀, ẹ dákun, ẹ tẹ́ ọ̀rá pupa sórí ìdajì, ẹ tẹ́ dúdú sórí ìdajì yòókù, igi kan náà, omi kan náà, ajílẹ̀ kan náà, kẹ́ ẹ wọn Brix méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kórè, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi.